Iná Tó Ń Wo Ìsàlẹ̀

Igbe tí Suyun ké lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn ẹyẹ ológoṣẹ́ tó fi abẹ́ òrùlé gbọ̀ngàn iṣẹ́ ṣelé fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Hàáà! Mo gbé o! Ta ló yọ́ jiaozi mi níbi tí kò síná?"

Kì í ṣe àsọdùn. Ní ìpẹ̀kun àríwá gbọ̀ngàn náà, níbi tí wọ́n ti ń tún wágùnù ọkọ̀ ojú irin ṣe, pákó gígùn kan wà tí gbogbo òṣìṣẹ́ máa ń tẹ́ jiaozi ọdún, ìyẹn ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi di ewébẹ̀, sí kó lè dì gbagidi. Ibẹ̀ tutù ju fíríìjì lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn náà sí ìlú kékeré wa yìí lẹ́yìn ìlú Qiqihar níhà àríwá, jiaozi ẹnì kan ò yọ́ níbẹ̀ rí. Àmọ́ èyí tí Suyun fọwọ́ ara rẹ̀ dì ti rọ̀, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra wọn bí ọmọ ajá tó ń sùn, omi ewébẹ̀ kíkan inú wọn sì ń kán sílẹ̀. Èyí tó wá já a láyà ni pé èémí ẹnu rẹ̀ ṣì ń rú bí èéfín níwájú rẹ̀. Òtútù ń mú. Kí ló wá yọ́ jiaozi?

Ó gbójú sókè. Lórí pèpéle irin tó ń gbéni ròkè, ọkùnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù gígùn kan tó pọ́n bí ẹyin iná. Ó dé fìlà onírun tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà débi pé fìlà bọ́ lórí rẹ̀, ó já gbì sáàárín jiaozi.

"Sọ̀kalẹ̀!" ni Suyun wí. "Sọ̀kalẹ̀ wá, kí n tó gùn ún wá bá ẹ lókè yẹn!"

Ó lè ṣe é o. Òun ló ń wa kíréènì ńlá tó ń rìn lábẹ́ òrùlé gbọ̀ngàn náà. Gígun òkè ò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.

Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo gbé tẹmómítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí n tó tan iná. Ẹ wò ó fúnra yín, afẹ́fẹ́ ṣì tutù bíi yìnyín. Ẹnu ya èmi náà."

"Ẹnu yà ẹ́? Ta ló tan iná, àbí èmi ni?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n iná yìí kì í da afẹ́fẹ́ láàmú. Ohun tó bá rí nísàlẹ̀ ló máa ń mú gbóná, bí oòrùn ṣe ń ṣe. Ó... ó rí jiaozi yín."

"Ó rí i! Iná ẹ lójúkòkòrò nìyẹn!"

Ọ̀gá Pang, olórí àwọn wẹ́dà, bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ ni, bó bá rẹ́rìn-ín, wágùnù á mì. "Suyun ọmọ mi, ohun tó yọ́ ti yọ́ ná. Gbé omi kaná, ká jẹ ọdún kí ọdún tó dé."

Bí wọ́n ṣe jẹ jiaozi ọdún lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún nìyẹn. Àlejò náà jẹun bí ẹni tó tọrọ àforíjì pẹ̀lú gbogbo òkèlè. Ó ní Kuang Yiming lorúkọ òun, gúúsù lòun ti wá, níbi tí odò kì í dì. Àwọn olórí ló pè é kó wá so páìpù iná tuntun sábẹ́ òrùlé gbọ̀ngàn náà.

"Màá fọwọ́ ara mi dì í padà fún yín," ló wí.

"Ìwọ? Ọmọ gúúsù tó jẹ́ pé ìrẹsì ni wọ́n fi já ẹ lẹ́nu ọmú?"

Àmọ́ ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Lọ́jọ́ ìsinmi, Suyun bá a nínú ilé ìdáná àwọn òṣìṣẹ́, ìyẹ̀fun bò ó dé ìpéǹpéjú. Suyun mú ọ̀kan nínú ohun tó dì sókè.

"Kí lèyí? Ó jọ etí tí eku jẹ."

"Kì í ṣe etí. Ọkàn mi ni."

"Ó ga o! Ọkàn ẹ ń jò nígun mẹ́ta."

"Ẹ bá mi dí i, kó má baà tú tán."

Suyun bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló rí i pé òun ti dákẹ́, òun sì ń wo ọwọ́ ọkùnrin náà. Ara rẹ̀ gbóná gbàà. Ó yà á lẹ́nu gan-an, torí kò sí iná tó rí i níbẹ̀. Bí ìfẹ́ ṣe máa ń wọlé nìyẹn o, kì í kanlẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà ni "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n bá sinmi lọ́sàn-án, Yiming á gun àkàbà lọ bá a nínú yàrá kékeré kíréènì, wọ́n á jọ la èso páìà tó ti dì, wọ́n á máa mu omi rẹ̀ bí ọmọdé.

Ibẹ̀ ni Suyun ti tú àṣírí kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Bàbá rẹ̀, Tong, ló ń tan bọ́ílà èédú tó ń fẹ́ ooru sínú gbọ̀ngàn náà. Láti ìgbà tí ìyá Suyun ti kú, èédú àti ọmọ yìí nìkan ni bàbá náà mọ̀. "Gbogbo ooru tí Bàbá ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n wọlé," ni Suyun wí, "òkè níbí ló ń sá wá. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń gbọ̀n, èmi àti ológoṣẹ́ là ń làágùn. Bí Bàbá bá gbọ́ pé asán lòun ń ṣe, ó máa pa á. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Yiming kàn ń wo ẹsẹ̀ Suyun nínú bàtà onírun.

Nígbà tó ṣe, ó gbé páànù dídán kan wá, ó so ó mọ́ orí yàrá kíréènì náà.

"Kí nìyẹn wà fún?"

"Kí iná mi má baà rí ẹ. Páìpù yìí sún mọ́ ẹ jù, ó lè sun ẹ́."

"Ṣé iná ẹ ń jowú ni?"

"Èmi ni mò ń jowú, Suyun mi. Èmi nìkan ni kó máa wò ẹ́."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún!" ni Suyun wí, àmọ́ ó jẹ́ kó di òun lọ́wọ́ mú.

Ìgbà tí Suyun máa mú un wálé wá han bàbá rẹ̀, ó kìlọ̀ fún un dáadáa: bó o ṣe máa kí i rèé, bó o ṣe máa jókòó rèé. Kò kìlọ̀ ọtí fún un. Ìyẹn ló fẹ́ẹ̀ bayé wọn jẹ́.

Nílé Bàbá Tong, bíi ti gbogbo wa, orí kang la ti ń gbàlejò, ìyẹn ibùsùn bíríkì tí iná ìdáná ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni iyì ni wọ́n ń fún ní ìhà tó sún mọ́ ààrò, níbi tó gbóná. Bàbá Tong fi àgbọ̀n rẹ̀ júwe ìhà kejì fún Yiming, lẹ́bàá fèrèsé tí yìnyín ti dí pa. Ọmọkùnrin náà jókòó síbẹ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìwọ lo ń so páìpù yẹn," ni bàbá náà wí.

"Èmi ni, Bàbá."

"Bó bá ṣiṣẹ́, wọ́n máa ti yàrá bọ́ílà mi pa."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, Bàbá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí."

Bàbá Tong rọ ọtí ọkà bàbà sínú ife kékeré méjì. Ó gbé tirẹ̀ sókè. "Gbọ́ mi, ọmọ gúúsù. Lọ́jọ́ ìdánwò, bí tẹmómítà ara òpó gbọ̀ngàn bá fi mẹ́rìndínlógún hàn, o ti fẹ́ ọmọ mi nìyẹn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kó páìpù ẹ, kó ẹrù ẹ, má sì wá a mọ́ láyé. O gbà?"

Wọ́n ti kọ́ Yiming pé ìwà àfojúdi ni kí èèyàn kọ ife àgbà. Ó gbé ife náà, ó dà á mì tán, ó sì dojú ife délẹ̀ kí bàbá lè rí i pé kò ku ẹ̀kán.

Àwo jábọ́ lọ́wọ́ Suyun lẹ́nu ọ̀nà.

Ó fa Yiming jáde síta, láàárín àwọn ìkòkò ewébẹ̀ kíkan. "Ṣé orí ẹ dá pé báyìí? Ṣé o mọ ohun tó o mu?"

"Ọtí ni. Ó mú mi lọ́fun. Kí ló dé?"

"Ìgbéyàwó wa lo mu yẹn! Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá da ife mì lórí ọ̀rọ̀, ó ti búra nìyẹn. Tẹmómítà yẹn wà lẹ́yìn òpó! Ìwọ lo sọ fún mi pé iná ẹ kì í mú ohun tí kò bá rí gbóná. Báwo ló ṣe máa rí ẹ̀yìn òpó?"

Yiming yíjú sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé mi ò lè padà wọlé lọ bẹ̀ ẹ́?"

"Ẹyin lohùn. O ti jẹ́ kó balẹ̀."

Suyun sunkún lọ́jọ́ náà, ó sì bínú sí àwọn méjèèjì, bàbá tó dẹ pańpẹ́ àti olólùfẹ́ tó fi ẹ̀rín músẹ́ wọ inú rẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Láti ìdájí ni Bàbá Tong ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa bọ́ílà, kò jẹ́ kí ẹlòmíì bá a ṣe é. Òtútù ìta le débi pé itọ́ á dì kó tó balẹ̀. Wọ́n tan gáàsì, páìpù pọ́n kọjá lórí gbogbo wọn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Suyun wà lókè nínú kíréènì, ó ń gbé táyà irin wágùnù kiri, ọkàn rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n pé jọ sídìí òpó. Bàbá Tong tẹjú mọ́ tẹmómítà.

"Mẹ́sàn-án," ló wí.

Yéè! Suyun rí i láti òkè bí èjìká Yiming ṣe sọ̀. Ọmọkùnrin náà ò jiyàn rárá. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tẹrí ba fún bàbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ dúró ná!" Ọ̀gá Pang ló ké. "Bàbá Tong, ẹ wo ara mi. Ẹ wo gbogbo wa. Kóòtù òwú wa dà?"

Ni oníkálùkù bá wo ara rẹ̀. Ẹnu yà wọ́n. Kò sí ẹni tó rántí ìgbà tó bọ́ kóòtù. Àwọn kóòtù náà ti di òkìtì lórí wágùnù, àwọn wẹ́dà dúró nínú súwẹ́tà, àwọn mìíràn ti ká apá aṣọ. Bàbá Tong fúnra rẹ̀ fi kóòtù kọ́ apá, òógùn sì ti yọ níwájú orí rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n, àmọ́ ojú bàbá náà ò gba ẹ̀rín.

"Mi ò fọ́jú," ni bàbá náà wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo rí i pé ara yín móoru. Ṣé torí tiyín ni? Ẹ̀yin ẹ kàn máa ń wí lẹ́yìn mi pé ooru Tong ń ṣòfò, òkè òrùlé ló ń lọ. Ẹ rò pé mi ò mọ̀? Mo ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́! Ta ló wà lókè òrùlé?"

Ó na ọwọ́ sókè sí kíréènì.

"Ọmọ mi ló wà níbẹ̀! Ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sí mi lọ́wọ́. Òun ni mò ń gbé èédú fún. Iná yìí ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ló ń wò. Ọmọ gúúsù yìí tún lọ fi páànù bo orí rẹ̀ kí iná má baà rí i. Gbogbo yín máa móoru, Suyun nìkan ló máa dì lókè yẹn. Ẹ wá sọ pé kí n fi í fún un kó fẹ́!"

Suyun gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó di irin kíréènì mú. Ó ti ń pa àṣírí náà mọ́ fún bàbá rẹ̀ látọjọ́ yìí, àṣé bàbá mọ̀! Àṣé torí òun ni gbogbo èédú yẹn! Omijé bọ́ lójú rẹ̀ bí òjò.

Ibi tó ti ń sunkún ló ti rántí ohun kan tó mú un dákẹ́ lójijì. Bàbá ti pa bọ́ílà láti ìdájí. Páànù sì bo òun lórí. Kí ló wá dé tí ẹsẹ̀ òun móoru?

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ká rọ́bà tí ó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ sókè. Pátákó irin pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀, wáyà iná mànàmáná tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ara rẹ̀ gba ihò jáde. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó móoru bíi kang ilé wọn ní òwúrọ̀.

Hẹ̀ẹ́n! Ó tẹ aago kíréènì. Aago náà dún gbọ̀ngàn já, gbogbo ojú wòkè.

"Bàbá! Ẹ gòkè wá!"

"Kí ló ṣe ẹ́?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀!"

Bàbá Tong ò gun àkàbà yẹn rí. Orúnkún rẹ̀ ò dára. Yiming sáré lọ dì í mú lẹ́yìn, bàbá náà ní kó yé fọwọ́ kan òun, àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ìdajì, kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tó wọ yàrá náà, ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ bí a ṣe máa ń wo kang wò kí ọmọ tó sùn lé e. Ó pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ náà kúrò.

"Ìgbà wo lo fi èyí síbẹ̀?" Kò wẹ̀yìn.

"Kí n tó so páànù, Bàbá," ni Yiming dáhùn látorí àkàbà. "Ó sọ fún mi pé ooru yín ló ń gbé òun ró níbí. Mo mọ̀ pé bí iná mi bá dé, tiyín máa kú. Mi ò lè fi òfo rọ́pò rẹ̀."

"O ò sọ fún mi!" ni Suyun wí. "Mo rò pé bọ́ílà Bàbá ni."

"Mo fẹ́ kó o máa rò bẹ́ẹ̀."

Bàbá Tong wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà bí ẹni tí kò rí i rí. "Lọ́jọ́ tó o wá sílé mi, tí mo fi ẹ́ síbi tó tutù, o ti ṣe èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O sì mu ife yẹn, o ò sọ̀rọ̀?"

"Bàbá, mi ò mọ ohun tí mo ń mu."

Ọ̀gá Pang ké láti ìsàlẹ̀, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́ o!"

"Pang, gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" ni bàbá náà fèsì. Ó fara balẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó gbé kóòtù rẹ̀ kọ́ èjìká, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló yíjú padà. "Ọmọ gúúsù! Kí lo dúró wò? Wálé."

Nílé, ó jókòó sí ìhà tó tutù fúnra rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá ìhà tó gbóná, ó ní kí Yiming gòkè wá. Suyun dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi ti ọjọ́sí, àmọ́ kò gbé àwo dání lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá Tong gbé ọtí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì rọ ọ́ fún Yiming. Àgbà ń fi ọwọ́ méjèèjì rọ ọtí fún ọmọdé! Yiming fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí kang.

"Ọ̀rọ̀ tí ọtí bá so, ọtí ló ń tú u," ni bàbá náà wí. "Mu ún. Àbí kí n kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ túmọ̀ rẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bàbá Tong fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. "Mo ní kó o gbé ọmọ mi níyàwó. Ṣé ó yé ẹ báyìí?"

Yiming dà á mì. Ó dojú ife délẹ̀. Omijé rẹ̀ kán lé e, ó sọ pé ọtí ló ta òun lọ́fun.

Ìgbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Suyun jókòó sórí kang nínú aṣọ pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán, torí ìṣe wa ni pé wọ́n máa ń gbé bàtà ìyàwó pamọ́, ọkọ gbọ́dọ̀ wá a rí, kó fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́ fún un, kó tó lè gbé e jáde. Yiming rí ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ìkòkò ìrẹsì. Ẹsẹ̀ kejì di àwátì. Ó tú ìtẹ́lẹ̀, ó wo inú ààrò, ó bọ́ síta lọ yẹ ìkòkò ewébẹ̀ wò. Ọ̀gá Pang àti àwọn wẹ́dà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọkọ tó lè rí jiaozi láti òkè òrùlé, kò rí bàtà!"

Òun náà ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, àmọ́ òógùn ti bò ó. Ó wo Suyun, Suyun mi orí. Òun náà ò mọ̀.

Igun yàrá ni Bàbá Tong dúró sí látàárọ̀, ó wọ kóòtù òwú rẹ̀ ńlá nínú ilé, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ó rìn wá sídìí kang. Ó tú bọ́tìnnì náà díẹ̀díẹ̀, ó kiwọ́ bọ àyà, ó sì mú bàtà pupa kan jáde.

"Ìta tutù," ló wí. "Mi ò fẹ́ kó fi bàtà tútù kúrò nílé mi."

Ó nà án sí ọkọ ọmọ rẹ̀. Yiming gbà á, ó kúnlẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ sí ẹsẹ̀ Suyun. Bàtà náà móoru.